Adébùsúyì àti Oògùn Inú Agolo Súìtì

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ti Adébùsúyì, ará Ọ̀gọ̀tún. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í sì í bá ènìyàn jà. Àléébù kan ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó lára òun. Bó bá fi ẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, á ní ijó lòun ń jó. "Ikú yá ju ẹ̀sín" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá Ìjọ wọn papòdà, Adébùsúyì ni gbogbo ojú ń wò pé oyè náà kàn. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé, dókítà kan ní Adó sì ti fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó rò ó pé bí ìjọ bá gbọ́, wọn yóò ní, "Ta ló ń fi aláìsàn joyè?" Ló bá kó oògùn náà sínú agolo súìtì, ó ń lò ó ní gbangba bí ẹni ń lá súìtì. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀, àní ìyàwó tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà!

Ìgbà òjò dé, ikọ́ burúkú mú un, ó gba ilé ìwòsàn ìlú wọn lọ. Dókítà ibẹ̀ ní kòkòrò àrùn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nítorí pé pẹnisílìnì máa ń mú kí ara rẹ̀ wú, oògùn apakòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ erithromaisin ni dókítà fẹ́ kọ fún un.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò? Ọkàn yín ńkọ́?" dókítà bi í.

Adébùsúyì wẹ̀yìn. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ìyá Ìjọ sì wà lórí bẹ́ǹṣì níta tó ń dúró de ẹni tí yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ó gbé ohùn sókè kí obìnrin náà lè gbọ́.

"Ara mi le koko, dókítà. N kò lo oògùn kankan."

Oògùn tí wọ́n fún un kì í ṣe oògùn burúkú o. Òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní makiroláìdì kì í bá kòkòrò àrùn jà lójúkojú. Ilé ìdáná kòkòrò náà ni wọ́n ń lọ dí, tí kò fi ní rí ohun tí yóò fi kọ́ ara rẹ̀ mọ́. Bí kò bá ti lè pọ̀ sí i, agbára ara ẹni yóò wá kápá rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè da inú rú, wọ́n sì lè da lílù ọkàn rú. Erithromaisin tún máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kí ó má lè palẹ̀ oògùn mìíràn mọ́, títí ìyẹn yóò fi pọ̀ jù lára. Ohun tí dókítà ìbá rò nìyẹn, bí Adébùsúyì bá sọ òótọ́ fún un.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Adébùsúyì ń ka Bíbélì lọ́wọ́ níwájú ìjọ ni ojú rẹ̀ ṣú. Ó ṣubú lulẹ̀ gbìì. Wọ́n gbé e digbádìgbá lọ sí ilé ìwòsàn.

"Màmá, kí ni bàbá ń lò?" dókítà bi ìyàwó rẹ̀.

"Wọn kò lo nǹkan kan yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fún wọn. Súìtì wọn yìí nìkan ni wọ́n máa ń lá." Ó yọ agolo náà láti inú àpò ọkọ rẹ̀.

Dókítà ṣí i, ó mú hóró kan, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, èyí kì í ṣe súìtì, oògùn ọkàn ni, kò sì bá èyí tí mo fún wọn mu." Kíá ni wọ́n dá erithromaisin dúró, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn láyà, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ títí ọkàn rẹ̀ fi ń lù déédéé. Ikú àti ẹ̀sín fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ mú un lọ.

Nígbà tó lajú, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. "Bàbá Fọlákẹ́mi, ṣé èmi náà lẹ̀ ń fi í pamọ́ fún? Bí ẹ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?" Ojú tì í gan-an.

Alàgbà Ọmọ́lẹ̀yẹ, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà ìjọ, wá kí i. Ó ní, "Bùsúyì, ìtọ̀ ṣúgà ló bá Bàbá Ìjọ tó lọ yẹn fínra títí. Gbogbo wa la mọ̀, àwa la sì ń rán an létí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Àìsàn rẹ kò dí ọ lọ́wọ́ oyè. Ẹni tó lè purọ́ fún ìyàwó rẹ̀ àti dókítà rẹ̀ nítorí oyè ni a kò lè fi jẹ ẹ́." Ẹlòmíràn ni wọ́n fi joyè náà.

Ẹ̀yin ọmọ, oògùn tó ń woni sàn lè ṣekú pani bí wọ́n bá fi pàdé èyí tí kò bá a mu. Bí dókítà bá bi yín ní ohun tí ẹ ń lò, ẹ kà á fún un tán, ìbáà ṣe àgbo. Ẹ má sì fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tí yóò gbé yín bí ẹ bá ṣubú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.