Òdòdó Pupa Ojú Fèrèsé

Kí nọ́ọ̀sì tó gun àtẹ̀gùn ilé ìyá rẹ̀, ó ti kọ gbogbo ohun tó yẹ sínú fọ́ọ̀mù ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ibi ìfọwọ́sí nìkan ló kù.

"Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú, ẹ ń dá gbé," ló wí. "Ẹ kì í gbé fóònù lálẹ́ mọ́. Màámi, ẹ ti ń gbàgbé nǹkan."

"Kí ni mo gbàgbé?"

Nọ́ọ̀sì wo yàrá yí ká. Eruku wà lórí sítóòfù. Máṣíìnì ìránṣọ kò sí níbi tó ti wà fún ọgbọ̀n ọdún.

"Mo gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ wà," ìyá aránṣọ wí. "Wo ojú fèrèsé."

Ewéko kan wà níbẹ̀ nínú ìkòkò tó ti sán. Ewé rẹ̀ ki, omi ló kún inú wọn. Ọdún mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀ tí kò yọ òdòdó rí, ṣùgbọ́n òdòdó pupa wẹẹrẹ ti bò ó báyìí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Fóònù nọ́ọ̀sì fún un ní orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ṣé ẹni tó ń ṣarán ló ń mú nǹkan tanná?" ìyá bi í.

"Báwo lẹ ṣe ṣe é?"

"Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà."

Inú bí nọ́ọ̀sì. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tó bá ní ìtọ́jú yín ló mú un tanná, màá fa fọ́ọ̀mù yìí ya. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó fọwọ́ sí i."

"Gbé ìkòkò yẹn. N ò bẹ̀rù ẹnì kankan."

Ìyá ló ṣáájú, kò béèrè ọ̀nà. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń ta òdòdó, ó gbé ẹsẹ̀ ré kọjá pákó kan tó ti já láìwolẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọsẹ̀ lára rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," bàbá náà wí. Ìgbọ̀nwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya rí, àmọ́ wọ́n ti rán an dáadáa. Ó wo ìyá. Ìyá wo òrùlé.

Ó yẹ ewé náà wò. "Ìbátan ọ̀dúndún ni. Olóríkunkun ni."

"Ó jọ ẹni tó ni ín," nọ́ọ̀sì wí.

"Bí ẹ bá ń bomi rin ín lemọ́lemọ́, tí ẹ ń tan iná sí i lálẹ́, kò ní tanná láé. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú òkùnkùn láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sì gbẹ."

Omi bọ́ lójú nọ́ọ̀sì. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é, ẹ̀rù sì bà á. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Màámi, ẹ ń dá jókòó sínú òkùnkùn?"

Nọ́ọ̀sì tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí káńtà, ó na bírò sí i. "Ẹ ti gbà o."

Ìyá gba bírò, ó fagi lé "opó" tí ọmọ rẹ̀ ti kọ síbẹ̀, ó kọ "abilékọ" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, ó sì yíjú sí bàbá olódòdó: "Olówó orí mi, sọ fún ọmọ wa ibi tí mo ti ń sùn láti oṣù méjì sẹ́yìn."