Orúkọ Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta

Orúkọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sára òkúta ìrántí náà, agbẹ́kùúta sì ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí òun kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Moṣọpẹ́ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìràwà tó wà ní Barking nílùú ọba. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Wọn kò tíì bí i nígbà tí àwọn ará àdúgbò Òkè-Ọjà nílùú Ìràwà ya wọ àdúgbò Ìsàlẹ̀-Odò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú, tí wọ́n sì pa gbogbo ẹni tí wọ́n bá nílé. Ilé ẹjọ́ kò dá ẹnì kankan lẹ́bi títí di òní.

Ẹnì kan ṣoṣo láti Òkè-Ọjà ló bá wọn sunkún. Bàbá Olúbọ̀dé, tó jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, sọ pé òun rìn láti ilé dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun sì kọ orúkọ gbogbo òkú tí òun rí sílẹ̀. Lọ́dọọdún, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń háyà nítòsí East Street, ó máa ń dìde, á yọ ìwé náà láàárín Bíbélì rẹ̀, á ka orúkọ wọn sókè. Kì í fún ẹlòmíì kà. Òun náà ni wọ́n ní kó ṣí aṣọ lójú òkúta lọ́dún yìí.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àṣìṣe kan wà nínú ìwé náà. Karimot, ìyá tó bí ìyá Moṣọpẹ́, wà lára àwọn òkú. Bí Bàbá bá ti pe orúkọ yẹn, Karimot á dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Mo wà níbí o!" Gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, Ìyá," ni Bàbá máa ń sọ. "Ilé yín ti jóná. Mo rò pé ẹ wà nínú rẹ̀ ni."

"Ẹ ti fi kún ẹ̀mí mi nìyẹn," ni Karimot máa ń fún un lésì.

Bàbá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe kejì ni Moṣọpẹ́ kò lè gbà. "Rodiyah, aboyún," ni Bàbá máa ń kà. Rodiyah ni àbúrò ìyá Moṣọpẹ́, tó wá bímọ sílé ìyá rẹ̀.

"Kì í ṣe aboyún mọ́," ni Karimot sọ fún un nínú ilé ìdáná wọn ní Dagenham. "Èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ lọmọ náà kọ́kọ́ mú jáde. Ọkùnrin ni. Mo wọ mọ́tò àkọ́kọ́ lọ sí Ìbàdàn láti lọ ra oyin àti aṣọ ọmọ."

"Ta lẹ sọ fún pé ẹ ń lọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Gbogbo ayé ṣì ń sùn."

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, Moṣọpẹ́ dìde dúró. "Ẹ yọ Ìyá àgbà kúrò, ẹ fi ọmọ Rodiyah sí i. Iye yẹn náà ló máa jẹ́."

Àlàájì Ṣùáíbù, alága wọn, họrí. "Wọn ò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ. Kí la fẹ́ kí wọ́n gbẹ́?"

"Àlàájì, ọmọ tó bá fẹsẹ̀ wáyé, ṣé ó ń dúró de ọjọ́ kẹjọ ni? Ìgè ni. Orúkọ ẹ̀ ti bá a wá."

"Akọ̀wé, o ò bá ti lọ ṣe lọ́yà!" Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Bí Bàbá bá gbà, èmi gbà."

Bàbá Olúbọ̀dé pa Bíbélì rẹ̀ dé. "Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Aboyún ni."

"Bàbá, ṣé ẹ rí i ni?"

"Aboyún ni mo kọ."

Bàbá wá yíjú sí Karimot. "Aago mélòó lẹ kúrò nílé lọ́jọ́ náà?"

"Wọn ò tíì pe ìrun àsùbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ìyá, ẹ wá sílé mi ní Riverside lọ́jọ́rú, ká jọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ láàárín wa láti ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kí n parí ẹ̀."

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó, wọ́n ń fẹ́ mi!" ni Karimot wí. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́rú, Moṣọpẹ́ lọ sílé Bàbá ní Barking Riverside, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wúrà, ìyàwó Bàbá, ló ṣílẹ̀kùn.

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ìyá àgbà rẹ tiẹ̀ gbàgbé fóònù sórí àga."

Láti ojú fèrèsé, Moṣọpẹ́ rí àwọn àgbà méjì náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń rìn lọ sí èbúté. Bàbá ló bá Karimot gbé báàgì rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé nítorí ìwé yẹn lo ṣe wá?" ni Wúrà béèrè. Ó tọ́ka sí Bíbélì tó wà lórí tábìlì. "Wọn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ọmọ wa ni ọ́. Tètè ya fọ́tò ẹ̀ kí wọ́n tó dé."

Moṣọpẹ́ tú ìwé náà, ó sì wá orúkọ Rodiyah lọ.

Níwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin Òkè-Ọjà tó máa lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì ti fi yíǹkì pupa fa ìlà sórí orúkọ òkú kọ̀ọ̀kan, títí kan "Rodiyah, aboyún". Ti Karimot nìkan ni kò ní ìlà, níwájú ilé rẹ̀ ni Bàbá Olúbọ̀dé sì kọ ọ́ sí pé, "Èmi fúnra mi."