Yàrá Ọ̀fẹ́ Tí Káàdì Fún Wa

Ọkọ mi, Wendell, na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì.

"Ọdọọdún lo máa ń ráhùn pé báńkì ń gba dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí káàdì ìrajà àwìn yìí. Ṣé o wá rí i báyìí? Yàrá ọ̀fẹ́ rèé."

"Ọ̀fẹ́ tí àsìkò rẹ̀ máa kọjá lọ́la tí a ò bá wá lò ó lónìí."

"Jẹ́ kí n gbádùn ara mi jàre."

Ajá wa wà níbi tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀, owó gọbọi la sì san.

Mo ṣí kọ́tìnì.

"Wendell, o ò pa iná kíṣìnì ilé wa."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mò ń wò ó ní òdìkejì títì."

Ó fa ìrọ̀rí sábẹ́ orí.

"Ṣé o rí nǹkan? A ò tiẹ̀ náwó epo mọ́tò."