Wòlímọ̀ Sìpáníìṣì

Ẹnu Jùbrílù a máa dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì yájú sí àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá ti fọwọ́ kan iṣẹ́ báyìí, ó ti parí rẹ̀ lẹ́nu nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Jùbrílù wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì mú èdè Sìpáníìṣì ní olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, olùkọ́ wọn, là á mọ́lẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹni tó bá fẹ́ mú un ní ẹ̀kọ́ àtìlẹ́yìn, kó mọ gírámà, kó ka ìwé díẹ̀, ó ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú un ní olórí ẹ̀kọ́, yóò ka ìwé àwọn òǹkọ̀wé wọn, yóò fi èdè náà kọ àròkọ, yóò sì máa wá bá mi sọ ọ́ lẹ́nu ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹni tó bá yege nínú ìdánwò ẹnu ló máa lọ lo ọdún kan ní Sípéènì. Ẹni tí kò bá lọ, kò lè gba ìwé-ẹ̀rí. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Sípéènì nìkan ni Jùbrílù gbọ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú bá ti lé, Òṣíẹ̀lẹ̀ ló ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ayò díráàfù lábẹ́ igi máńgòrò. Adépéjú, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, lọ bá a níbẹ̀.

"Jùbrílù, ọ̀gá tún béèrè ẹ lónìí."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní ara ẹ ò yá."

"O ṣeun, ará mi. Àìsàn wo lo ní ó ń ṣe mí?"

"Díráàfù."

Ní ìgbà tó délé ní Igbein, Àsíátù ìyá rẹ̀ wà nídìí ìkòkò aró, ó ń rẹ àdìrẹ. Ó bi í pé, "Ọmọ mi, èdè yìí ńkọ́? Níbo lẹ bá a dé?"

"Ẹ má dààmú, Màámi. Mo ti parí ẹ̀. Ó ku kí n wọ bàálù."

Ẹyin lohùn. Ní agboolé Mùsùlùmí bíi tiwọn, ẹnìkan kì í sọ pé òun parí ẹ̀kọ́ kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Ọmọ tó bá parí Kùránì, wòlímọ̀ ló kàn: wọn yóò pe ààfáà, wọn yóò pa àgbò, ọmọ náà yóò sì ka ohun tó kọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Àsíátù lọ ra àgbò. Adépéjú, tí ilé wọn wà ní Ìbarà, tó sì máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ló rán sí olùkọ́ wọn pé kó wá báwọn ṣeré.

Nígbà tí Jùbrílù tún wálé, àgbàlá ti kún. Ìyá rẹ̀ gbé láwàní lé e lórí.

"Màámi, kí lèyí?"

"Wòlímọ̀ ẹ ni."

"Wòlímọ̀ kẹ̀? Lórí Sìpáníìṣì?"

"Àbí o ò tíì parí ẹ̀ ni?"

Jùbrílù wo ojú ìyá rẹ̀. Ó wo orí àgbò lórí àwo. Ó ní, "Mo parí ẹ̀, Màámi."

Kò tíì jókòó dáadáa tí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé àti Adépéjú fi wọlé, ìwé Sìpáníìṣì kan wà lọ́wọ́ olùkọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ààfáà Sàlàhúdíìnì ní, "Ó yá, ọmọ wa, bisimilláì."

Jùbrílù dijú, ó fi ohùn kéwú gbé e. "Lúnẹ̀sì!"

"Àmín!" ni agboolé dáhùn.

"Mátẹ̀sì!"

"Àmín!"

"Mẹkólẹ̀sì!"

"Àmín o! Ọlọ́run á gbà á!"

Omijé ayọ̀ bọ́ lójú Àsíátù. Adépéjú fi ìborùn bo ẹnu. Nígbà tí Jùbrílù ka èyí tó mọ̀ tán, tó tún padà sí Lúnẹ̀sì, Ààfáà na ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ó dùn. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ọmọ kì í ka ibi tó wù ú nìkan. Tíṣà, ẹ bá mi ṣí ìwé yín." Ààfáà dijú, ó fi ìka lé ojú ìwé. "Ka ibí yìí, kí o sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa."

Ìwé ń wo Jùbrílù, Jùbrílù ń wo ìwé. Ó wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

Ààfáà yíjú. "Tíṣà, kí ló ń kà fún wa lẹ́ẹ̀kan?"

Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé wo Àsíátù, àánú rẹ̀ ṣe é. "Ààfáà, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni. Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè."

Ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Háà! Ṣé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ la ń ṣàmín sí látàárọ̀?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní, "Ó tiẹ̀ dáa tó dárúkọ Wẹ́sìdeè. Mi ò rí i lọ́jọ́ náà rí."

Àsíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí láwàní kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó ká a jẹ́jẹ́.

"Jùbrílù, mo bi ẹ́."

"Ẹ bi mí, Màámi."

"Mo bi ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó wá kọjú sí àlejò. "Ẹ máa jẹun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àgbò ò lè jíǹde. Jùbrílù nìkan ni kí ẹ má bu ẹran fún."

Jùbrílù kò yege nínú ìdánwò ẹnu. Adépéjú wọ bàálù lọ sí Sípéènì; Jùbrílù padà sórí bẹ́ńṣì àwọn ọlọ́dún kìn-ín-ní, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bó bá ń kọjá ní Igbein, ẹnìkan á ké láti ojú fèrèsé pé, "Lúnẹ̀sì!" Gbogbo àdúgbò á sì dáhùn pé, "Àmín!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi ti Jùbrílù kọ́gbọ́n. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kí ẹ ṣe kí ẹ tó gba oyè, ẹ má fò ó, nítorí aṣọ tí a bá yọ nínú aró kó tó mu, òjò àkọ́kọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ má sì sọ fún ìyá yín pé ẹ ti parí ohun tí ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá a máa gbàgbọ́, wọn a sì máa pa àgbò.