Èwo Ló Kú Nínú Wọn?

"Ìyá, nínú ọmọ yín méjèèjì, èwo ló kú?"

Akọ̀wé méérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Bassila, ti gbé kálámù bíìkì lé ìwé ẹ̀rí ikú. Àná ni wọ́n sin Yacoubou, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ ìyá náà, ní Manigri. Ìwé ìrìnnà Yacoubou ni àbúrò rẹ̀, Zoubérou, fi wọ ilẹ̀ Faransé. Orúkọ yẹn ló sì fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n fi orúkọ náà fún un ní káàtì ìgbélùú ọlọ́dún mẹ́wàá.

"Zoubérou ni," ìyá náà dáhùn.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Fóònù ìyá náà dún. Zoubérou ló ń pè láti Faransé.

"Ìyá, ṣé ẹ ti sin ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó wojú akọ̀wé.

"Yacoubou ọmọ mi," ó ní, "a ti sin Zoubérou."