Omi Ẹsẹ̀ Dáàmù

Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn tí omi ti gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ, Bàbá Dáàmù ò fojú kan odò mọ́. Ó fi aṣọ dúdú dí fèrèsé tó kọjú sí i, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń fi omi fa iná ò mọ̀ pé aṣọ wà níbẹ̀. Ó ń kùn nínú ògiri tọ̀sán-tòru, bí ẹni tó ń pe èèyàn lórúkọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà á fún: láràárọ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ dáàmù, kó wọn omi tó ń sun lára ògiri, kó sì kọ iye lítà rẹ̀ sílẹ̀. Bí omi yẹn bá ṣàdédé pọ̀ sí i, ògiri ti ń là nìyẹn, igba ilé tó wà nísàlẹ̀ odò sì wà nínú ewu. Ọdún mẹ́fà ló fi jókòó sídìí tábìlì, tó ń kọ ọ́ látorí láìwọn omi kankan: mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin ààbọ̀, mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ kì í dá sí i. Ìdájí lòun máa ń jáde lọ gbàdúrà, ìrì á ti rin etí aṣọ rẹ̀ gbindin kó tó dé. Òun náà ló ń bá ọkọ rẹ̀ mú ìwé lọ sí ọ́fíìsì níparí oṣù, nítorí orí dáàmù ni ọ̀nà gbà.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aṣàyẹ̀wò kan dé láti olú iléeṣẹ́, ó gbé fáìlì méjì lé tábìlì. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí àwọn ti ri ẹ̀rọ kan mọ́ abẹ́ ògiri láìsọ fẹ́nikẹ́ni, tó ń wọn omi fúnra rẹ̀, òun sì ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ wé ti Bàbá.

Bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Bàbá dìde láti jẹ́wọ́.

“Ẹ jókòó, Bàbá,” obìnrin náà wí. “Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí mo ti ń yẹ dáàmù wò, mi ò rí irú èyí rí. Kò sọ́jọ́ kan tí tiyín yà kúrò lára ti ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí omi di lítà mọ́kànlá, mọ́kànlá lẹ kọ, ìwé yín sì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ò dúró de ìparí oṣù. Òun la fi rán àwọn bíríkìlà wá tún ògiri ṣe.”

Bàbá rántí àwọn bíríkìlà ọ̀hún. Nígbà náà, ó rò pé orí ló bá òun ṣe é. Òun ò kọ mọ́kànlá rí.

Ó na ọwọ́ gba ìwé tirẹ̀. Ó ṣí i títí dé òpin. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó jẹ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó mú ewé kan nínú rẹ̀ lọ bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń sá aṣọ. Ó kàn nà án sí i.

“Ẹ̀yin lẹ ò lè fojú kan omi tó gbé e,” obìnrin náà wí láìgbóhùn sókè, “èmi ò lè ṣe kí n má lọ wò ó láràárọ̀, mo bá kúkú ń bá yín wọ̀n ọ́n.”