Ta Ló Ń Pa Ààlọ́ ní Kútọnu?

Ọ̀rọ̀ àwọn kámárádì ìjọba ti parí lórí rédíò Kútọnu. Ààlọ́ ní Nàgó, èdè wa, ló kàn.

Ìyá ọkọ mi ti fa àpótí sún mọ́ ọn.

"Ààlọ́ o!" Ohùn ọkọ mi nìyẹn.

"Ààlọ̀!" Wọ́n ń dáhùn bí ẹni pé ọmọ wọn jókòó tì wọ́n.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú nìyí!

"Ìyàwó mi, o ní ìjọba rán Bánkọ́lé lọ sí Parakou. Báwo ló ṣe ń pa ààlọ́ ní Kútọnu?"

"Màmá, kásẹ́ẹ̀tì ni! Wọ́n ti gba ohùn yẹn sílẹ̀ tipẹ́."

"Ṣé kò sí ọkọ̀ ní Parakou ni? Kó wá kí mi."

Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ilé ní Pobè ló ní kí n máa pa á, wọn ò kúkú bá wa gbé.

Mo na ọwọ́, mo pa rédíò.

Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Tan án, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ẹ ti sin Bánkọ́lé. Ohùn ẹ̀ lẹ ò tíì sin."